Bí Ìjàpá Ilé Bá Ń Yọ Ikun Imú: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Tó Ń Sìn Ín ní Ilé-Ifẹ̀

Àwọn tó ń sin ìjàpá ní Ilé-Ifẹ̀ kò kéré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ka ara wọn sí ẹni tó ń sin ẹranko. Ẹlòmíràn rí i nínú oko kòkó, ó gbé e wálé fún àwọn ọmọ. Ẹlòmíràn rà á lọ́wọ́ àwọn tó kó o wá láti Òkè Ọya. Ẹlòmíràn sì bá a nínú ilé tó jogún. Nítorí pé ìjàpá kì í pariwo, tí kì í sì í tẹ̀ lé èèyàn kiri bèèrè oúnjẹ bí ajá, a máa ń gbà pé kò sí ohun tó lè ṣe é. Nígbà tí Alágbà, ìjàpá ààfin Ṣọ̀ún ti Ògbómọ̀ṣọ́, kú ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, ọjọ́ orí tí ààfin kéde fún un, ìyẹn ọdún 344, ni gbogbo ayé ń jiyàn lé lórí. Ìwọ̀nba èèyàn ló kíyè sí i pé wọ́n ní ó ṣàìsàn ráńpẹ́ kó tó kú. Ìjàpá ń ṣàìsàn, àìsàn ọ̀nà èémí sì wà lára èyí tó wọ́pọ̀ jù lára àwọn tí a ń sìn nínú ilé.

Ohun tó mú kí àìsàn yìí léwu fún un ju bó ṣe léwu fún èèyàn lọ ni pé ìjàpá kò lè wúkọ́ bíi tiwa. Kò ní iṣan tó pààlà àyà àti ikùn, èyí tí èèyàn àti ewúrẹ́ fi ń ti atẹ́gùn jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ wà lábẹ́ igbá ẹ̀yìn gan-an, àwọn iṣan tó wà nídìí ẹsẹ̀ àti nínú ikùn rẹ̀ ló sì ń lò láti mí sínú àti síta. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó bá ti dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró kò rí ọ̀nà tó rọrùn bá jáde. Ibẹ̀ ni yóò wà tí yóò máa ki sí i. Báyìí ni ọ̀fìnkìn tí kò jọ nǹkankan ṣe ń di òtútù àyà láìsí ariwo kankan.

Ìmọ̀ràn tó ṣáájú gbogbo ìmọ̀ràn inú ìwé yìí ni pé kí ẹ tún ooru ibùgbé rẹ̀ ṣe kí ẹ tó máa wá abẹ́rẹ́ kiri. Ara ìjàpá kì í dá ooru sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí àyíká rẹ̀ bá tutù, ara rẹ̀ á tutù, agbára tí ara náà fi ń bá kòkòrò àrùn jà á dínkù, oúnjẹ inú rẹ̀ kò ní dà, oògùn tí dókítà bá fún un pẹ̀lú kò sì ní ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ẹni tó ra abẹ́rẹ́ tó dára jù lọ, tó wá gbé ìjàpá náà padà sórí sìmẹ́ńtì tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi, owó rẹ̀ ló ń dà sómi.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ìjàpá tí ẹ ní

Irú méjì ni a sábà máa ń bá nínú ilé lágbègbè wa, ohun tó sì wo ọ̀kan sàn lè ṣe èkejì ní jàǹbá. Àkọ́kọ́ ni ìjàpá inú igbó, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Kinixys. Ẹ ó dá a mọ̀ nípa igbá ẹ̀yìn rẹ̀: apá ìdí igbá náà lè sọ̀ kalẹ̀ láti bo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àti ìrù rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rù bá bà á. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n tàbí kó dúdú bí ewé gbígbẹ abẹ́ igi kòkó, òjìji àti ilẹ̀ tó lọ́rinrin ló sì fẹ́. Èkejì ni ìjàpá ńlá Òkè Ọya, Centrochelys sulcata, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti iyanrìn, tó ní ìwo kéékèèké ní itan, tó sì lè wọn ju 40 kìlógíráàmù lọ bó bá dàgbà. Ilẹ̀ gbígbẹ tó wà létí aṣálẹ̀ ni ilé rẹ̀.

Ẹ wò ó báyìí: ìgbà òjò Ifẹ̀, láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá, kò jọ ohun tí a dá ìjàpá Òkè Ọya fún rárá. Ilẹ̀ àgbàlá tó ń rin gbindingbindin nínú oṣù keje, tí oòrùn kò sì fi bẹ́ẹ̀ yọ, ni ọ̀fìnkìn ti máa ń bá a. Ti ìjàpá igbó yàtọ̀. Ọyẹ́ ló ń dà á láàmú, láti oṣù kejìlá sí oṣù kejì, nígbà tí atẹ́gùn gbígbẹ àti eruku bá ń gbá a nímú lọ́sàn-án, tí òru sì tún tutù. Nítorí náà, bí ẹni kan bá sọ fún yín pé “ìjàpá kò fẹ́ omi” tàbí pé “inú omi ni kí ẹ fi í sí,” ẹ kọ́kọ́ bi í pé ìjàpá wo ló ń sọ.

Ìjàpá odò wà pẹ̀lú, àmọ́ ìtọ́jú tirẹ̀ jẹ́ ọ̀tọ̀. Ohun kan péré ni mo fẹ́ kí àwọn tó ń sìn ín mọ̀: bó bá ń léfòó ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí kò lè dúró gbọọrọ nínú omi mọ́, ó ṣeé ṣe kí òtútù àyà ti mú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kan. Kí wọ́n máṣe fi í sílẹ̀ nínú omi jíjìn, kí wọ́n sì wá dókítà.

Àwọn àmì tí ẹ ó wò

Ẹ wò ó ní òwúrọ̀, kó tó jẹun, kó tó mu omi. Ìjàpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti imú bọ omi lè ní omi ní ihò imú, ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Ìró “ṣííì” tó ń dún nígbà tó bá fa orí wọlé kì í ṣe àìsàn pẹ̀lú. Àyè inú igbá ló ń há, tí atẹ́gùn inú ẹ̀dọ̀fóró sì ń jáde. Ohun tó yẹ kó kọ yín lóminú ni omi imú tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, tó tún wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ìfófòó kékeré tó ń wú ní ihò imú bó bá ń mí, imú tó ti dí pẹ̀lú èépá, sísín léraléra, ojú tó wú tàbí tó ń ṣepin, àti ìró tó ń dún nínú ọ̀fun rẹ̀ nígbà tó wà lójú kan láìfa orí wọlé. Ẹ fi etí sí i ní ibi tó dákẹ́ rọ́rọ́, kì í ṣe nígbà tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá ń ké.

Àmì tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà sí ni ìyípadà nínú ìwà. Ìjàpá tó máa ń jáde bí oòrùn bá ti kan ògiri, tó wá ń fi orí pamọ́ títí di ọ̀sán, tàbí èyí tó fẹ́ràn ìbẹ́pẹ tó wá ń wò ó láìmú un, ti ń sọ ohun kan fún yín kí ikun tó yọ ní imú rẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ eruku náà wà níbẹ̀. Nígbà ọyẹ́, tàbí bí ẹ bá ń tẹ́ ìfọ́ pákó ilé ìlagi sílẹ̀ fún un, imú rẹ̀ lè máa ṣomi nítorí eruku nìkan. Bí ẹ bá kó ìfọ́ pákó náà kúrò, tí omi imú náà sì dáwọ́ dúró pátápátá lẹ́yìn ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, tó ń jẹun dáadáa, ọ̀rọ̀ náà ti tán nìyẹn.

Àwọn àmì kan wà tí kò yẹ kí ẹ dúró dé ọjọ́ kejì fún. Bó bá ń la ẹnu mí, tó na ọrùn síwájú tó sì ń gbé orí sókè kó tó lè fa èémí, bí ikun náà bá ti ki, tó pọ́n bí òróró tàbí tó ní ẹ̀jẹ̀, bí inú ẹnu rẹ̀ bá ti funfun tàbí tó ń ṣú bí aró, tàbí bí ẹ bá fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò fà á wọlé, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà. Ìtọ́jú ilé tí a ó máa sọ níwájú kò lè dúró fún dókítà nínú irú ipò bẹ́ẹ̀.

Ẹ yà á sọ́tọ̀

Bí ẹ bá ní ju ìjàpá kan lọ, ẹ mú aláìsàn kúrò láàárín wọn lójú ẹsẹ̀, kódà kó jẹ́ pé imú ọ̀kan ṣoṣo ló ń ṣomi. Kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Mycoplasma agassizii, tó ti da ìjàpá aṣálẹ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà láàmú púpọ̀, máa ń ràn láti imú ọ̀kan sí imú èkejì, àwọn fáírọ́ọ̀sì kan sì wà tí wọ́n ń ràn bákan náà. Abọ́ omi kan náà tí méjì ń mu kì í ṣe nǹkan tó dára nígbà àìsàn.

Ibùgbé ìgbà àìsàn kò nílò ọ̀ṣọ́. Báfù ńlá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní lè gùn jáde tó, tàbí páálí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán fún èyí tó kéré. Ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn tàbí aṣọ ìnura àtijọ́ sí i, kí ẹ lè rí ìgbẹ́ àti ikun tó bá já bọ́, kí ẹ sì lè pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ máṣe lo iyanrìn, ẹ máṣe lo ìfọ́ pákó. Ẹ fi ibi ìfarapamọ́ kan sí i, nítorí ìjàpá tó ń bẹ̀rù kì í jẹun.

Àwọn tí ara wọn dá ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú, kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ aláìsàn, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ fífọ̀ yìí kì í ṣe fún ìjàpá nìkan: ìjàpá tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lè ní Salmonella nínú ìgbẹ́ rẹ̀, kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru àti ibà fún èèyàn. Kí àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún, aboyún àti àwọn arúgbó jìnnà sí i, kí ẹ má sì fọ abọ́ rẹ̀ níbi tí ẹ ti ń fọ àwo oúnjẹ.

Ooru

Ẹ ra ẹ̀rọ ìwọ̀n ìgbóná kan. Àwọn tó ń ta ohun èlò oko adìyẹ máa ń ní irú èyí tí a fi ń wọn ooru fún òròmọdìyẹ, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ibi tí ẹ ó gbé e sí ṣe pàtàkì: ìpele ilẹ̀ níbi tí ìjàpá gan-an ń sùn ni, kì í ṣe ara ògiri lókè. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì nínú yàrá kan lè tutù púpọ̀ nígbà tí ẹ̀yin tí ẹ jókòó sórí àga ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀.

Fún ìjàpá Òkè Ọya tó ń ṣàìsàn, ẹ wá bí ibùgbé rẹ̀ yóò ṣe wà láàárín 29°C sí 32°C lọ́sàn-án, kí ibi tó ti ń yáná tó 35°C sí 38°C, kí òru má sì sọ̀ kalẹ̀ ju nǹkan bí 27°C lọ. Fún ìjàpá igbó, 26°C sí 29°C tó lọ́sàn-án àti lóru. Bó bá ti kọjá 32°C, ìnira tuntun ni ẹ ń fi kún èyí tó wà nílẹ̀. Nínú ọ̀nà méjèèjì, ẹ jẹ́ kí apá kan ibùgbé náà gbóná díẹ̀ ju apá kejì lọ, kí ẹranko náà lè fúnra rẹ̀ yan ibi tó wù ú. Bó bá jẹ́ pé apá tó tutù ló ń wà ní gbogbo ìgbà, ẹ ti mú ooru náà pọ̀ jù.

Gílóòbù àtijọ́ tó ń tan iná pupa rẹ́súrẹ́sú, 60 wáàtì tàbí 100 wáàtì, ló ń mú ooru wá. Gílóòbù funfun òde òní tí kì í jẹ iná kò mú ooru kankan tó lè ran ìjàpá lọ́wọ́ wá, bó ti wù kó mọ́lẹ̀ tó. Ẹ so gílóòbù náà rọ̀ láti òkè, kó jìnnà sí igbá ẹ̀yìn rẹ̀ tó ìwọ̀n ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà ó kéré tán, kí ẹ sì fi wáyà dè é, kì í ṣe okùn ọ̀rá tó lè yọ́. Gílóòbù tó bá já sórí páálí tàbí ìwé ìròyìn lè jó ilé. Lóru, ìjàpá nílò òkùnkùn. Àwọn tó ń ta ohun èlò oko adìyẹ máa ń ní irú gílóòbù tó ń mú ooru wá láìtan ìmọ́lẹ̀, òun ló sì dára jù fún òru bí ẹ bá rí i rà.

Ìṣòro tí gbogbo wa mọ̀ ni pé wọ́n á mú iná lọ. Ẹ tọ́jú ike omi oníhò tóóró méjì tàbí mẹ́ta tí ògiri wọn nípọn, ẹ rọ omi tó gbóná ṣùgbọ́n tí kò hó sínú wọn, ẹ dé wọn pinpin, ẹ fi aṣọ ìnura wé wọn, kí ẹ tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ kan ibùgbé náà. Ẹ fi aṣọ tó nípọn bo ìdajì òkè báfù náà kí ooru má tètè sá lọ, ẹ sì ṣí ìdajì kejì sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Ike náà máa ń tutù láàárín wákàtí mélòó kan. Bó bá ti tutù tán, kò ràn án lọ́wọ́ mọ́, ńṣe ló ń fa ooru ara ìjàpá náà. Nítorí náà ẹni tí kò lè jí lóru láti pààrọ̀ rẹ̀ kó yọ ọ́ kúrò kó tó sùn.

Ẹ máṣe gbé ìkòkò èédú sí i. Mo mọ̀ pé ìyẹn ni àwọn àgbà máa ń fi yá òròmọdìyẹ, ṣùgbọ́n èéfín èédú nínú yàrá tó tì lè pa ìjàpá àti ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró tó sì ti ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò fẹ́ èéfín kankan. Sítóòfù oníkẹrosíìnì, jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́bàá fèrèsé, oògùn ẹ̀fọn tí a ń sun àti èyí tí a ń fín, gbogbo wọn kò gbọdọ̀ sí nítòsí rẹ̀.

Oòrùn àárọ̀ wà fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì dára ju gílóòbù lọ, nítorí ó tún ń ran ara ìjàpá lọ́wọ́ láti ṣe fítámì D tó fi ń lo kálísíọ̀mù. Ẹ gbé e síta bí oòrùn bá ti ràn dáadáa tí ilẹ̀ sì ti gbẹ, kó lè wà nínú oòrùn fún bí ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú òjìji tó lè sá sí. Ẹ máṣe gbé e sínú oòrùn nínú ike tàbí gíláàsì tí a dé: ooru inú rẹ̀ lè tètè kọjá ohun tó lè pa á. Oòrùn tó gba ojú gíláàsì fèrèsé wọlé ń mú ooru wá, ṣùgbọ́n ohun tó ń ran fítámì D lọ́wọ́ nínú rẹ̀ kò kọjá gíláàsì.

Ọ̀rinrin náà kan ọ̀rọ̀ yìí. Ilẹ̀ gbígbẹ ni kí ẹ fi sábẹ́ ìjàpá Òkè Ọya. Ìjàpá igbó, ní tirẹ̀, nílò afẹ́fẹ́ tó lọ́rinrin, pàápàá nígbà tí gílóòbù bá ń gbẹ yàrá. Ẹ gbé abọ́ omi fẹ̀ǹfẹ̀ sí abẹ́ ooru náà, tàbí kí ẹ fi aṣọ tútù fífún bo ẹ̀gbẹ́ kan. Ohun tí kò sí ìjàpá kan nínú àwọn méjèèjì tó lè farada nígbà àìsàn ni kí ibi kan tutù kó sì tún rin papọ̀.

Omi àti oúnjẹ

Lójoojúmọ́, ẹ gbé e sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún. Kí omi náà má kọjá ìsàlẹ̀ àgbọ̀n rẹ̀ nígbà tó bá dúró, kó sì lọ́wọ́ọ́wọ́ lẹ́yìn ọrùn ọwọ́ yín láìjó yín. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń mu omi, tí wọ́n sì ń yàgbẹ́. Ara tó ti gbẹ á jẹ́ kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ki sí i, ó sì lè mú kí àwọn oògùn kan ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ dúró tì í títí yóò fi tán, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ dá a padà síbi tó móoru. Bó bá ń la ẹnu mí tàbí tí orí rẹ̀ ń ṣubú, ẹ máṣe gbé e sómi rárá.

Fún imú tó dí, ẹ ra omi dríìpù oníyọ̀, èyí tí wọ́n kọ 0.9% sí lára, ní ilé ìtajà oògùn. Ẹ jẹ́ kó lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ fi òwú rin ín, kí ẹ fi nu ẹnu ihò imú náà títí èépá yóò fi rọ̀. Ẹ máṣe ti nǹkankan bọ inú ihò náà.

Ìjàpá tí imú rẹ̀ dí kì í gbóòórùn oúnjẹ, ìdí nìyẹn tí kò fi í jẹun. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti nu imú rẹ̀, tí ara rẹ̀ sì ti móoru, ẹ gbé ohun tó ní òórùn síwájú rẹ̀. Ìjàpá igbó máa ń gba olú, ìbẹ́pẹ pípọ́n, ìgbín kékeré tàbí ekòló. Ìjàpá Òkè Ọya, koríko àti ewé ni oúnjẹ rẹ̀: yánrin, ewé ọ̀dùnkún, èèsún tútù tí a gé wẹ́wẹ́, ìbẹ́pẹ díẹ̀ láti ṣí i lọ́fun kò burú, àmọ́ kó má di oúnjẹ rẹ̀. Elégédé tí inú rẹ̀ pọ́n dára fún àwọn méjèèjì nítorí fítámì A, tí àìtó rẹ̀ máa ń jẹ́ kí awọ inú imú àti ojú di ibi tí àrùn tètè ń wọ̀. Búrẹ́dì, ìrẹsì, ẹ̀bà àti àgbàdo tí àwọn ọmọ ilé máa ń jù sí i kò yẹ kó tún dé iwájú rẹ̀. Ẹ máṣe fi ipá la ẹnu rẹ̀. Ìjàpá tó jẹ́ pé ó ń jẹun dáadáa tẹ́lẹ̀ lè gba ebi ọjọ́ mélòó kan mọ́ra, ṣùgbọ́n oúnjẹ tó bá gba ọ̀nà èémí wọlé kò ní jáde mọ́.

Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ fún un

Ivermectin ló ṣáájú. Oògùn aràn yìí, tí àwọn tó ń sin ewúrẹ́ àti ajá ní Ifẹ̀ mọ̀ bí ẹni mowó, máa ń rọ ìjàpá lọ́wọ́ rọ ọ́ lẹ́sẹ̀, ó sì ń pa á. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gún ìjàpá yín ní abẹ́rẹ́, ẹ bèèrè orúkọ oògùn náà kó tó fà á.

Kápúsù apakòkòrò tí a ń tú sínú omi fún èèyàn kò dára fún un. Oògùn apakòkòrò oníyẹ̀fun tí a ń pò sínú omi adìyẹ náà kò wúlò, nítorí adìyẹ ń mu omi ní gbogbo ọjọ́, ìjàpá tó ń ṣàìsàn kì í sábà mu ún, kò sì sí bí ẹ ṣe fẹ́ mọ iye tó wọ inú rẹ̀. Àgbo, àdí tàbí epo pupa tí a bá dà sí i lẹ́nu lè ṣàn lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn ìpara olóòórùn líle tí a ń fi pa àyà àti imú èèyàn kò gbọdọ̀ kan imú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ fítámì A pẹ̀lú, dókítà nìkan ni kó fún un. Bó bá pọ̀ jù, awọ ara ìjàpá á bẹ̀rẹ̀ sí í bó.

Ìwọ̀n àti ìwé àkọsílẹ̀

Ẹ wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ tí ẹ yà á sọ́tọ̀, kí ẹ sì máa wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ní àkókò kan náà, kó tó wọ omi. Ìwọ̀n tí àwọn alákàrà òyìnbó fi ń wọn ìyẹ̀fun tó fún èyí tó kéré. Bó bá ti pàdánù ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n rẹ̀, ẹ kò gbọdọ̀ máa retí mọ́. Ẹ kọ ìwọ̀n ooru àárọ̀ àti ti òru sílẹ̀, ohun tó jẹ, àti bí imú rẹ̀ ṣe rí. Ẹ fi fóònù ká bó ṣe ń mí sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, nítorí ó dájú pé kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ nígbà tí ẹ bá dé iwájú dókítà.

Lọ́dọ̀ dókítà ẹranko

Bí àmì náà kò bá le, ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin ooru tó péye tó láti mọ̀ bóyá ó ń lọ sílẹ̀. Bí kò bá yí padà láàárín ìgbà náà, dókítà ló kàn. Àwọn dókítà ẹranko tó wà ní Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà, ajá, ewúrẹ́ àti adìyẹ ni iṣẹ́ wọn pọ̀ jù lé lórí, kò sì sí ìtìjú nínú kí ẹ bèèrè lórí fóònù bóyá wọ́n ti tọ́jú ìjàpá rí. Ẹni tí kò tọ́jú ọ̀kan rí, àmọ́ tó múra tán láti pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó tó gún un, sàn ju ẹni tó ti fa abẹ́rẹ́ kí ẹ tó jókòó lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá le, ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn ni ibi tó ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko tó sún mọ́ wa jù. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó gbéra.

Ọ̀nà Gbọ̀ngán, Ìkirè àti Asẹ́jìrẹ́ lè gùn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ fi ìjàpá náà sínú páálí tó ní ihò, pẹ̀lú aṣọ ìnura àti ike omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí a wé, kó wà lẹ́sẹ̀ yín nínú ọkọ̀, kì í ṣe nínú búùtù. Ẹ bẹ awakọ̀ pé kó má tan ẹ̀rọ amúlétutù síhà ibẹ̀. Ọ̀kadà kò dára fún un nítorí atẹ́gùn. Ẹ mú ìwé àkọsílẹ̀ yín dání.

Dókítà lè fẹ́ ya àwòrán ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ láti òkè, láti ẹ̀gbẹ́ àti láti iwájú. Ti iwájú yìí ló ń fi ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ sì lè bèèrè fún un. Ó lè gba ikun imú láti mọ kòkòrò tó wà níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n sábà máa ń lò, ní ẹsẹ̀ iwájú, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ń ti apá ẹ̀yìn bọ̀ lè gba kíndìnrín kọjá kó tó yí ara ká. Bó bá jẹ́ oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń pè ní ceftazidime ni wọ́n yàn, ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n sábà ń gún un. Enrofloxacin, apakòkòrò mìíràn, máa ń ta ìjàpá, ó sì lè ba ẹran ara jẹ́ níbi tí wọ́n gún, kí ìgbọ̀n tó ń gbọ̀n ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ má bà yín lẹ́rù jù. Wọ́n tún lè fi ẹ̀rọ sọ omi oníyọ̀ di ìkùukùu kó fà á símú. Ẹ bèèrè ohun mẹ́ta kí ẹ tó kúrò níbẹ̀: iye abẹ́rẹ́ tó kù àti ọjọ́ wọn, ìwọ̀n ooru tí wọ́n fẹ́ kó wà nínú rẹ̀ títí ìtọ́jú yóò fi parí, àti àmì tó yẹ kí ẹ fi tètè padà wá.

Ìtọ́jú yìí máa ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ara ìjàpá kì í yára ní ohunkóhun, ìwòsàn náà kò sì yọ sílẹ̀. Ikun imú lè gbẹ láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sì tún wà nísàlẹ̀. Ẹni tó bá dá abẹ́rẹ́ dúró nígbà náà yóò tún rí i lẹ́yìn oṣù kan, ìkejì yìí a sì máa le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Lẹ́yìn tí ara rẹ̀ bá ti yá

Ẹ máṣe gbé e padà sínú igbó. Ó dà bí àánú, ṣùgbọ́n ìjàpá tó ti ní Mycoplasma lè máa gbé kòkòrò náà kiri fún gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ láìfi àmì kankan hàn, àwọn tó wà nínú igbó wa kò sì pọ̀ tó èyí tí a ó kó àrùn bá. Nítorí ohun kan náà, bí ẹ bá ra tuntun, ẹ fi í sí ibùgbé ọ̀tọ̀ fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán kó tó bá àwọn yòókù pàdé, bó ti wù kó dán tó lójú yín.

Ẹ fi ọṣẹ fọ báfù àti abọ́ náà, ẹ wá fi omi tí a pò mọ́ oògùn tí a fi ń sọ aṣọ di funfun (bílíìṣì) rin wọ́n, ìwọ̀n kan oògùn sí ọgbọ̀n omi, fún ìdajì wákàtí, ẹ ṣàn wọ́n dáadáa, kí ẹ sá wọn sóòrùn títí òórùn rẹ̀ yóò fi lọ. Páálí àti ìwé ìròyìn, ẹ sun wọ́n.

Kí ẹ tó dá a padà sí àgbàlá, ẹ dúró títí ìwọ̀n rẹ̀ yóò fi padà sí bó ṣe wà, kí imú rẹ̀ sì ti gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láìsí oògùn. Lẹ́yìn náà ẹ máa sọ ooru alẹ́ náà kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe lọ́jọ́ kan. Ìjàpá Òkè Ọya nílò ilé kékeré tí a fi pákó ṣe, tó ga kúrò nílẹ̀ níwọ̀n ìka mẹ́rin, tí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ibi tí òjò kì í ti fẹ́ wá. Ti ìjàpá igbó lè jẹ́ abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ewé gbígbẹ tó pọ̀, níwọ̀n ìgbà tí omi ilé ìwẹ̀ kò bá ṣàn gba ibẹ̀. Bó bá bọ́ sí oṣù keje tàbí sí àkókò ọyẹ́ kó tó yá tán, ẹ jẹ́ kó wà nínú ilé títí ojú ọjọ́ yóò fi yí padà.